Obìnrin Tó Kọ Ẹ̀yìn sí Wa Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kò burú. Ìyá mi wà láàyè, ẹ lè wá bi wọ́n. Mi ò mu ọtí, mi ò sùn lọ, ibà ò sì mú mi. Ojú mi méjèèjì ló rí i, ọ̀sán ni, kì í ṣe òru.

Redan, nítòsí Atlanta, là ń gbé, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa, àti Mọ́mì, ìyá tó bí mi. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Douglasville. Ẹni tó bá mọ bí òpópónà márosẹ̀ I-20 ṣe máa ń rí láàárọ̀ á mọ̀ pé ẹni tó ń wa mọ́tò gba ibẹ̀ lọ sí shift kì í ṣe ojo. Mo kàn ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni.

Ìlàjẹ ni Mọ́mì. Etí òkun ni wọ́n bí wọn sí, ní abúlé kan tí wọ́n ti ń fi pákó kọ́lé sórí omi, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n fi ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Òkun ti gbé ibẹ̀ mì. Mọ́mì kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Omi ti mú un," wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

Nígbà tí àádọ́rin ọdún wọn ń bọ̀, wọ́n rí Venice, ìlú kan ní Ítálì, lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Àwọn òyìnbó náà ń gbé orí omi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Mo ní wọ́n tiẹ̀ ní ìlú náà ń rì díẹ̀díẹ̀.

"Mú mi débẹ̀ kó tó rì tán."

Kì í ṣe pé mo fi tipátipá mú wọn lọ o. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n mú àwọn lọ.

Aunty kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti dé ibẹ̀ rí. Duluth la ti pàdé, ní ilé ìtajà kan ní Pleasant Hill Road, níbi tí èmi àti wọn ti ń yẹ iṣu wò. Mo bi wọ́n pé báwo la ṣe ń ti pápákọ̀ òfúrufú dé hòtẹ́ẹ̀lì, nítorí mọ́tò kì í wọ inú ìlú yẹn. Aunty ní, ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì, kí ẹ wá máa wọ́ àpótí gun afárá kan sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tún gun òmíràn. Ẹ sì lè wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá tí gbogbo èrò ń wọ̀, tó ń dúró káàkiri. Tàbí kí ẹ gba ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ tiyín nìkan, yóò gbé yín dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Orúnkún Mọ́mì ńkọ́?" ni Aunty bi mí. "Ẹ gba kékeré, jàre."

Ọkọ mi, tó fẹ́ dúró ti àwọn ọmọ nílé, ní kí èmi àti Mọ́mì wọ bọ́ọ̀sì. Kò fẹ́ràn omi rárá. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ìwọ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá pè wá wá jẹ ẹran yíyan létí adágún, inú mọ́tò lo máa ń jókòó sí." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Èmi àti Mọ́mì dé Venice lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da ògì sójú ọ̀run. Ní èbúté, ìlà àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ńlá gùn, kò sì kúrò lójú kan. Mọ́mì fara ti àpótí, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún wọn méjèèjì. Àwọn ọkọ̀ kékeré ti ń lọ tán.

Ẹyọ kan ló kù, ní ìpẹ̀kun pákó èbúté. Awakọ̀ rẹ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ aró. Mo fi orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì wa hàn án lórí fóònù, ó mi orí pé òun mọ ibẹ̀. Ó gbé àpótí wa wọlé.

Mọ́mì dúró. Wọ́n ń wo inú ọkọ̀.

"Ọkọ̀ yìí ti ní èrò," ni wọ́n wí.

Lóòótọ́, obìnrin kan wà nínú yàrá onígíláàsì tí èrò ń jókòó sí. Igun ẹ̀yìn pátápátá ló wà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo omi. Gèlè pélébé kan wà lórí rẹ̀.

"Àyè ṣì wà, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n tún wo obìnrin yẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n na ọwọ́ sí mi, mo fà wọ́n wọlé.

Awakọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Níta, níwájú, ló dúró sí. Gíláàsì ló wà láàárín àwa àti òun. A gbéra.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí ni òórùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìlú òyìnbó nìyẹn, òtútù, kùrukùru, epo ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n òórùn tó wà nínú yàrá yẹn, òórùn ẹja tí wọ́n ń yan lórí ẹyín iná ni. Irú èyí tó máa ń di mọ́ aṣọ.

Mọ́mì di ọwọ́ mi mú. Ìka wọn tutù.

"Má wo ẹ̀yìn," ni wọ́n sọ sí mi létí.

"Kí ló dé?"

"Mo ní má wò ó."

Mo wo iwájú. A kúrò lójú agbami, a wọ inú ọ̀nà omi tóóró, ògiri lọ́tùn-ún, ògiri lósì, ewéko omi ti di mọ́ ẹsẹ̀ gbogbo ilé. Mo rí hòtẹ́ẹ̀lì wa. Mo ti wo fọ́tò rẹ̀ títí nílé, mi ò lè ṣì í mọ̀: ògiri aláwọ̀ òféèfé, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Mo dìde láti gbé báàgì.

Ọkọ̀ kò dúró. Ó kọjá.

Mo ní bóyá ó fẹ́ lọ yí padà níwájú ni. A yà, a tún yà. Ògiri òféèfé tún yọ, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tún yọ. Ó tún kọjá.

Mo fi ọwọ́ gbá gíláàsì. Awakọ̀ kò wẹ̀yìn. Mo lọ sídìí ilẹ̀kùn, mo fa ìdìmú rẹ̀. Bí ẹni ń fa òkúta ni. Mo fi text ránṣẹ́ sí ọkọ mi, kò lọ. Fèrèsé kò ní ibi tí èèyàn lè dì mú. Ọkàn mi wá sọ fún mi pé a ti há. Inú gíláàsì la wà, bí ẹja tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ nílé olówó.

Nígbà náà ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa.

"Yèyé Kékeré."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ ṣàlàyé. Orúkọ Mọ́mì kọ́ nìyí. Kò sí nínú ìwé ìrìnnà wọn, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ọmọ wọn, mi ò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n mo rí i bí èjìká wọn ṣe gbọ̀n.

"Yèyé Kékeré, ilé ti rì tán."

Èdè Ìlàjẹ ló fi sọ ọ́. Èmi ni mo ń yí i sí Yorùbá gbogboogbò fún yín. Ohùn náà kò le, kò sì bínú. Ó dà bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀.

Omijé ń dà lójú Mọ́mì, ṣùgbọ́n wọn ò dáhùn. Wọ́n fi ẹnu kan etí mi.

"Àǹtí mi ni. Àǹtí Mọrẹ́nikẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ tí òkun wọlé, ọkọ̀ ti kún. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ fún mi kí n lè ráyè jókòó. Bàbá wa ní àwọn ń padà bọ̀ wá gbé wọn."

"Ṣé Bàbá padà?"

Mọ́mì gbọn orí. "Wọn ò ráyè padà, pákó ilé nìkan ló ń léfòó."

Ẹ gbà mí gbọ́, àádọ́rin ọdún ni Mọ́mì fẹ́ pé, mi ò mọ̀ pé wọ́n ní àǹtí rí.

"Ẹ ní ẹ ń bọ̀," ni ohùn yẹn wí. "Mo ṣì dúró. Yèyé Kékeré, ṣé o gbọ́ mi?"

Ògiri òféèfé tún kọjá. Omi ti ń wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó tutù dé eegun. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀ wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka sáàmù, mi ò rántí ìlà kejì, èmi tí mo máa ń ka á fún àwọn aláìsàn.

Mọ́mì gbé orí sókè. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Mo na ọwọ́ láti fi dí ẹnu wọn, wọ́n mú ọwọ́ mi kúrò jẹ́jẹ́.

"Àǹtí mi, mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Èmi lẹ wá bá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi sọ̀kalẹ̀."

Gèlè yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Mo ṣẹ̀. Mo wò ó. Mo ti ń rò pé ìyá àgbà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọge ni, kò tíì pé ogún ọdún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé ojú mi ló wà lójú rẹ̀. Èmi gan-an, bí mo ṣe rí nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Mo pa ojú dé. Mo pariwo, mi ò gbọ́ ohùn ara mi.

Afẹ́fẹ́ tútù ló fẹ́ sí mi lójú. Awakọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ ti dúró níwájú ògiri òféèfé. Igun ẹ̀yìn ṣófo. Mo wo ẹsẹ̀ mi: bàtà mi gbẹ kanlẹ̀. Bàtà Mọ́mì ló rin gbindin.

Awakọ̀ gbé àpótí wa wọlé. Ó bá arábìnrin tó wà ní ìdí káńtà hòtẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀ kíákíá lédè wọn. Arábìnrin náà yíjú sí mi.

"Ó ní obìnrin mẹ́ta lòun gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀. Ó ń bi yín pé ibo lẹnì kẹta ti sọ̀kalẹ̀?"

Mo bi í pé kí ló dé tí awakọ̀ fi ń kọjá ẹnu ọ̀nà wa láìdúró. Ó bi awakọ̀. Ọkùnrin náà gbọn orí. Ó ní òun ò kọjá ibì kankan, tààrà lòun wá. Ó ṣe àmì àgbélébùú sí àyà, ó sì lọ láìgba owó mi.

Mọ́mì ò jáde kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì títí a fi lọ. Wọ́n jókòó sídìí fèrèsé, wọ́n ń wo omi. Nígbà tí à ń padà, afárá la gùn, èmi ni mo wọ́ àpótí méjèèjì, mo sì ti ìyá mi lẹ́yìn ní gbogbo àtẹ̀gùn. A wọ bọ́ọ̀sì. Mo ní ó ti parí.

Kò parí.

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí a ti dé Atlanta, Sátidé kan. Èmi àti Mọ́mì ń bọ̀ láti Duluth, a lọ ra èlò ọbẹ̀. A ò ra ẹja lọ́jọ́ náà, ẹran la rà, mo tún wo bùútù lẹ́yìn náà kó lè dá mi lójú. Òjò wá dé, irú òjò Georgia tí apá wáípà kì í ká. Tírélà wà lọ́tùn-ún mi, tírélà wà lósì, mi ò lè yà, mi ò lè dúró.

Òórùn ẹja yíyan sì kún inú mọ́tò.

Mo di ìdarí mọ́tò mú. Mo ní, "Mọ́mì."

"Máa wa mọ́tò ẹ."

"Mọ́mì, ta ló wà lẹ́yìn?"

Wọ́n yí ọrùn díẹ̀ sí ẹ̀yìn, wọ́n ń sọ Ìlàjẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń fi ìlú han àlejò. Wọ́n ní afárá ńlá nìyẹn. Wọ́n ní ibi tí ọmọ àwọn ń gbé ti sún mọ́, ilẹ̀ gbígbẹ ni, kò sí òkun nítòsí rárá. Mi ò wo dígí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ dé Redan, mi ò wò ó.

Nígbà tí a dé ẹnu gáréèjì, Mọ́mì sọ̀kalẹ̀ sínú òjò. Wọ́n lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, Àǹtí mi," ni wọ́n wí. "A ti dé."

Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn. Wọ́n wọlé.

Látìgbà náà, tí n bá dé láti ibi iṣẹ́, mo máa ń gbọ́ wọn ní yàrá wọn nísàlẹ̀, wọ́n ń sọ Ìlàjẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ara wọn le. Orúnkún kò dùn wọ́n mọ́. Ọkọ mi bi mí pé ṣé Mọ́mì ti rí ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n ní kí ìyá mi lé àǹtí wọn jáde? Ṣé kí n kó àwọn ọmọ mi sá kúrò nínú ilé tí mo ń san owó rẹ̀, kí n fi ìyá mi sílẹ̀ níbẹ̀? Mi ò mọ̀ bóyá Mọ́mì ló mú un wálé, àbí òun ló ń dúró de ìgbà tó máa mú Mọ́mì lọ. Àwọn ọmọ mi ti ń gbọ́ Ìlàjẹ díẹ̀díẹ̀. Èmi kọ́ ni mo kọ́ wọn.

Tí ẹ bá ń lọ sí ìlú yẹn, ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Tí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ sinmi lórí afárá, ẹ tún gbéra. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní ẹnì kan tí ilé yín ti sọ fún rí pé "À ń padà bọ̀," tí wọn ò sì padà, ẹ má wọ ọkọ̀ tí èrò ti ṣáájú yín wọ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ dúró nínú òtútù.