Ọjọ́ Tí A Gbálẹ̀ De Àlejò

Òórùn méjì ló máa ń jí mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ilo-Awela ní Ọ̀tà. Èkíní ni òórùn rọ́bà jíjó tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn odi; èkejì ni òórùn kíkan omi ògì láti ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò mi. Ìwọ tí a jọ kọ́ni fún ọdún gbọọrọ mọ̀ mí: n kì í lè jókòó kí ọwọ́ mi dilẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo rò pé n óò máa sùn di ìyálẹ̀ta, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni mo ti máa ń wà lójú ọ̀nà, tí mò ń wo gọ́tà, tí mò ń ka ihò ojú títì, tí mò ń bá awakọ̀ tírélà jà pé kó má gun orí gọ́tà wa mọ́. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò fi yàn mí ní akọ̀wé. Alága wa, ọmọ bíbí Ọ̀tà tí bàbá bàbá rẹ̀ ti dáko lórí ilẹ̀ tí a ń gbé yìí, rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹsẹ̀ yín kì í sinmi, ẹ kúkú máa fi rìn fún wa."

Aládùúgbò mi tí mo wí yìí, Ìyá Ológì ni gbogbo wa ń pè é. Opó ni, mo sì fi bí ọdún méjìlá jù ú lọ. Kànga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé, nítorí pé omi ni ògì: omi la fi ń rẹ àgbàdo, omi la fi ń sẹ́ ẹ, omi náà la sì ń pààrọ̀ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà bàjẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, omi kànga náà yí padà. Ọ̀rá tó ń dán bí òṣùmàrè bo ojú rẹ̀. Aṣọ asẹ́ funfun tí obìnrin náà fi ń sẹ́ ògì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí irin tó dípẹtà, ògì fúnra rẹ̀ sì ń rùn bí ọṣẹ. Oníbàárà kan gbé ike ògì padà wá síwájú ilé rẹ̀ lójú gbogbo wa.

"Ìyá Ológì, ṣé kí n fi po ẹ̀kọ ni, àbí kí n fi fọṣọ?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó gba ike náà, ó sì ka owó oníbàárà náà padà fún un. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn, òun ló sì fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta.

Kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí ohun náà ti ń wá. Bí òjò ńlá bá ti ń rọ̀, ìfófòó funfun á máa ru jáde láti ìsàlẹ̀ odi ilé iṣẹ́ kan, á gba inú gọ́tà, á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga Ìyá Ológì. Bí òjò bá dá, ìfófòó náà á dá. Alága ní ẹni tó fẹ́ da ìdọ̀tí rẹ̀ nù láìjẹ́ kí ayé mọ̀ ní í dúró de òjò. Mo kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ náà. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà wọn kò tiẹ̀ jẹ́ kí n wọlé. Mo kọ ìwé sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká. Mo lọ, mo bọ̀, títí akọ̀wé ibẹ̀ fi ń dá ìró bàtà mi mọ̀. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi dáadáa lásìkò yẹn. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, èmi náà á dìde, n óò máa rìn káàkiri yàrá bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Níkẹyìn, wọ́n pè mí lórí fóònù pé àwọn ń bọ̀ wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, ibí yìí ni mo ti ṣe ohun tó jẹ́ pé tíṣà nìkan ló lè ṣe é. Ìwọ náà rántí bí a ṣe máa ń ṣe tí a bá gbọ́ pé alábẹ̀wò ilé ìwé ń bọ̀: àwọn ọmọ á gé koríko, a ó fi ẹfun kun òkúta etí ọ̀nà, a ó sì kó àga tó ti kán pa mọ́ sẹ́yìn ilé. Ara mi ti mọ́ ọn. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ní kí gbogbo ilé jáde ní Ọjọ́rú pẹ̀lú ọkọ́, ṣọ́bìrì àti ìgbálẹ̀. Wọ́n sì jáde. A kó gbogbo ẹrẹ̀ dúdú inú gọ́tà sínú bárò, a dà á nù, a da yanrìn síbẹ̀. A yá ẹ̀rọ, a fi fa omi kànga náà gbẹ títí omi tuntun fi sun. Ìyá Ológì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ìyá Tíṣà, ẹ ò jẹ́ kí wọ́n wá bá a bó ṣe wà?"

"Rárá o. A kì í fi ìdọ̀tí gba àlejò. Wọ́n á ní àwa gan-an la dọ̀tí." Mo nawọ́ sí okùn tó sá àwọn aṣọ asẹ́ rẹ̀ sí. "Lọ fọ ìwọ̀nyẹn náà. Wọn ò ṣeé fi han èèyàn."

"Aṣọ yẹn lẹnu tí mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ o, Mà."

"Èmi ni n óò sọ̀rọ̀," mo wí, mo sì fún un ní ìgò bílíìsì kan. Ó gbà á. Mo jù ú lọ, tíṣà sì ni mí. Báwo ni yóò ṣe bá mi jiyàn?

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin kan tó wọ bàtà òjò àti obìnrin kan tó gbé àwọn ìgò òfìfo dání sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Òjò kò tíì rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti to àga, mo ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo gọ́tà, ó rìn ín síwá sẹ́yìn. Ó fa omi láti inú kànga, ó gbé e sí imú, ó sì wò mí.

"Mà, omi yìí mọ́ ju tilé mi lọ."

Mo sọ̀rọ̀ títí. Mo ka ohun tí mo kọ sínú ìwé mi fún un, ọjọ́ sí ọjọ́, òjò sí òjò. Ó fi sùúrù gbọ́ mi tán. "Mo gbọ́ yín, Mà. Àmọ́ ohun tá a bá fojú rí la máa ń kọ." Wọ́n bu omi tó mọ́ gaara sínú ìgò, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ.

Alága ṣí fìlà rẹ̀, ó họ orí. "Ìyá Tíṣà, a ti fọ ẹjọ́ wa mọ́ tónítóní." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Ológì ń wo okùn rẹ̀, níbi tí àwọn aṣọ asẹ́ ti funfun bíi lékeléke.

"Mo fọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀yin lẹ ní kí n fọ̀ ọ́," ló sọ. Ó wọlé.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ìdí mi kò balẹ̀ lórí àga. Mo rìn dé títì ńlá, mo tún padà láìra ohunkóhun. Ní ọjọ́ kẹfà, mo lọ bá Ìyá Ológì, mo ní kó má bínú, èmi ni mo bà á jẹ́. Kò sọ pé òun ti gbàgbé. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé ẹ lè bá mi wá àgbàdo?" Ó ní òun yóò máa fi omi kànga náà sẹ́ ògì bó ṣe wà, òun yóò máa sá aṣọ asẹ́ láìfọ̀ ọ́, títí tí àwọn aṣọ náà yóò fi ní ohùn padà.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Òjò tún bẹ̀rẹ̀, omi kànga tún yí padà, àwọn aṣọ náà sì tún ń pọ́n. Mò ń gbé àgbàdo lọ, ó ń rẹ ẹ́, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà yóò da ògì náà nù. Kò rọrùn fún ẹni tí wọ́n kọ́ láti má fi oúnjẹ ṣòfò láti máa da oúnjẹ nù bí omi ìfọwọ́. Àwọn tó ń kọjá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ wá wò ó, Ìyá Ológì ti ń bọ gọ́tà!" Èmi jókòó tì í, ọwọ́ mi ń yún mi láti na àwọn aṣọ náà kí wọ́n gún régé lórí okùn. Ó ṣàkíyèsí mi. "Ìyá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ńlá dé, ìfófòó funfun sì ru jáde láti ìsàlẹ̀ odi. A ká àwọn aṣọ náà sínú ọ̀rá, a wọ kẹ̀kẹ́ márúwá. Awakọ̀ fi ọwọ́ kan bo imú.

"Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ gbé?"

"Ẹ̀rí ni," Ìyá Ológì dá a lóhùn.

Ó tú ọ̀rá náà sórí tábìlì ọkùnrin tó wọ bàtà òjò lọ́jọ́sí. Gbogbo ọ́fíìsì fọwọ́ bo imú. Mo la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ tọ́ mi lápá.

"Ọ̀gá, aṣọ tí mo fi ń sẹ́ ògì táwọn ọmọdé ń mu nìyí. Ohun tó bà á jẹ́ ń ṣàn lọ́wọ́ báyìí. Tẹ́ ẹ bá ní ó dọ̀la, a ó tún ti gbálẹ̀."

Ọkùnrin náà wo aṣọ, ó wo Ìyá Ológì, ó tún wo aṣọ. Ó dìde, ó na ọwọ́ mú bàtà rẹ̀.

Kò sí àga tí mo tò nígbà tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ bá wa dé àdúgbò. Ewé àti ọ̀rá kún gọ́tà, gèlè mi ti wọ́, ẹrẹ̀ sì ti dé orúnkún mi. Wọ́n tẹ̀ lé ìfófòó náà títí dé ẹnu páìpù kan tí koríko bò ní ìsàlẹ̀ odi, wọ́n sì bu omi níbẹ̀ sínú ìgò wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n mú kí ilé iṣẹ́ náà dí páìpù náà pa. Kànga náà kò bọ̀ sípò mọ́. A fi kọnkéré bò ó. Láti ojúlé alága ni Ìyá Ológì ti ń pọn omi báyìí. Àwọn oníbàárà kan padà, àwọn kan kò padà.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sinmi títí dòní kì í ṣe ti gọ́tà. Ìwọ náà rántí kíláàsì wa tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Lọ́dọọdún ni mò ń kọ ìwé nípa rẹ̀, lọ́dọọdún ni mo sì ń kó abọ́ tí a fi ń gbe omi òjò pa mọ́ kí alábẹ̀wò tó dé. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí aṣọ wọn ti ya pé kí wọ́n má wá lọ́jọ́ yẹn. Alábẹ̀wò á kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé ìwé wa mọ́, orí mi á sì wú. Òrùlé náà ṣì ń jò nígbà tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Mo ṣì ń jí gbálẹ̀ ojúde mi. Bí a ti tọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé etí gọ́tà, mo máa ń dúró díẹ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, kí n kọ́kọ́ bi ara mi bóyá ẹnì kan wà tó yẹ kó rí ohun tí mo fẹ́ gbá lọ.