Pátákó Ìrìnàjò Bàbá Àgbà

Nígbà tí bàbá àgbà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣọ́ọ̀kì kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún, ó máa ń to ìrìnàjò òun àti ìyá àgbà sára pátákó bíi táìmùtébù ilé-ìwé. Ìrù lẹ́tà “g” rẹ̀ á ká bí ìwọ̀ ẹja. Ìyá àgbà á fi etí ìró nu orúkọ ìlú Ìlápòrú kúrò níbẹ̀.

“Ẹ fi kún oṣù tí a máa lò ní Òde-Omi létí òkun jàre.”

“Inspẹ́kítọ̀ ti dé!” Bàbá á sì tún un kọ.

Àwọn aládùúgbò á ní ṣé ilé wọn ń jò ni tí wọn kì í fi í gbélé.

Nígbà tí mo dàgbà, mo dé Òde-Omi. Mo rí orúkọ lára ọkọ̀ apẹja kan, ìrù “g” ká bí ìwọ̀.

“Bàbá tíṣà tó máa ń bá ìyàwó wọn wá síbí ló kọ́ mi ní ìwé kíkọ,” apẹja náà wí.

Mo gbórí sókè. Mo ní ọmọ ọmọ wọn ni mí.