Kò Ní Jò: Ekután Ló Sọ Ọ́

Bí Stephen Iyìọlá bá kí ọ pé ẹ káàárọ̀ ní ọjà Ìkàrẹ́, kọ́kọ́ gbójú sókè wo oòrùn ná. Oògùn eku ló ń tà lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú gbohùngbohùn tó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fà létí. Á ní eku tó bá tọ́ oògùn òun wò yóò jáde lọ kú síta, yóò sì pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rà á, eku ilé wọn á sì máa sanra. Ekután ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Ohun tó wu Ọ̀gbẹ́ni Paul lára rẹ̀ gan-an nìyẹn. Paul ni alárinà iléeṣẹ́ tó ní páìpù epo tó gba oko àwọn ará Ọ̀kà kọjá. Wọ́n fẹ́ ri òmíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ mọ́lẹ̀, kó gba ìdí orísun odò Omitútù. Òfin ní kí wọ́n kéde ìpàdé. Bí ará ìlú kò bá wá, a jẹ́ pé wọ́n ti gbà. Paul wá bi àwọn ọlọ́jà léèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í wọ ènìyàn létí. Ibì kan ṣoṣo ni gbogbo ọwọ́ nà sí.

Paul ní fún Stephen, “Kéde ìpàdé náà, sọ fún wọn pé páìpù kò ní jò, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Má fi nǹkan kan kún un o.”

Nígbà tí Eunice, ìyàwó Stephen, gbọ́, ọmọrogùn ló gbé. Etí odò Omitútù ló ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí, tẹ̀tẹ̀ yẹn ló sì ń bọ́ ilé. Ká má purọ́, oògùn eku kọ́. Nígbà tí páìpù àkọ́kọ́ jò nísàlẹ̀ odò, ẹja kú, ewébẹ̀ gbẹ. Òkè odò nìkan ló kù.

“Bàbá Hephzibah! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá wọn kéde ikú omi wa?”

“Ìyá Hephzibah, rọra. Nígbà tí mo ní oògùn mi á pa gbogbo eku ilé yìí, kí lo ṣe?”

“Mo lọ ra ológbò.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Bu oúnjẹ fún mi, mo ń lọ síbi iṣẹ́.”

Ó gbéra láti Ìkàrẹ́, ó di Ọ̀kà, kò sí kọ̀rọ̀ tí kò yà sí.

“Páìpù ńlá ń bọ̀ ní orísun Omitútù! Ìpàdé di Ọjọ́bọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú! Kò ní jò! Ẹ fọkàn balẹ̀!”

Igbá bọ́ lọ́wọ́ Déwùnmí onígààrí.

“Ta ló ní kò ní jò? Ekután? Mo gbé! Omi wa ti lọ nìyẹn!”

Kí oòrùn tó wọ̀, ìròyìn ti dé Ọ̀bà àti Ìpè.

Ní Ọjọ́bọ̀, gbọ̀ngàn kún, ojú fèrèsé kún, àwọn bàbá tí ọmọ wọn ti kìlọ̀ fún nípa igi gígùn sì wà lórí igi máńgòrò. Bàbá Fágbénró, apẹja ìsàlẹ̀ odò, gbé ìgèrè rẹ̀ ka orí tábìlì níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá darí ìpàdé.

“Ẹ wo inú rẹ̀. Láti ìgbà tí páìpù àkọ́kọ́ ti jò, ohun tó ń mú nìyẹn.”

Òfìfo ni. Òṣìṣẹ́ náà bèèrè ẹni tó fẹ́ páìpù kejì. Ewúrẹ́ kan dáhùn níta, wọ́n lé e. Ó bèèrè ẹni tí kò fẹ́. Ariwo sọ, páànù òrùlé ń gbọ̀n! Nínú ariwo yẹn ni òṣìṣẹ́ náà ti sọ fún Paul pé kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn gbà, orísun omi kì í ṣe ojú ọ̀nà epo. Stephen tó dúró tì wọ́n nìkan ló gbọ́.

Paul kọjú sí i. “Mo ní kí o má fi nǹkan kan kún un!”

“Ọ̀gá mi, èwo ni mo fi kún un? Kò ní jò, ṣebí ọ̀rọ̀ yín ni?”

Ayọ̀ gbé e gun orí àga, ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. “Ẹ̀yin ará mi, a ti borí! Páìpù kò ní gba Omitútù mọ́! Ẹ máa lọ sílé!”

Déwùnmí gbá àyà mú.

“Ekután ló sọ ọ́? Ó parí! Ẹ gbé àdá!”

Kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lanu, gbogbo ìlú ti ń sáré lọ sídìí odò. Wọn kò kúrò níbẹ̀ títí di òní; àdúgbò ń gba ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ àdúgbò. Eunice ń se ẹ̀fọ́ fún wọn, Stephen sì ń ta oògùn eku fún wọn. Àwọn eku ibẹ̀ ti sanra.