Ọjọ́ Tí Zobo Di Aró

Ọjọ́ tí mo se zobo fún Bọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní Sabon Tasha kò kúrò lọ́kàn mi. Ibà mú un, láti àná ni kò ti mu nǹkan kan.

Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Káyọ̀dé àti Dúpẹ́, já gbogbo òdòdó zobo tó kù lẹ́yìnkùlé, a sè é. Mo fi kánún sí i kó lè tètè rọ̀, bí a ti ń ṣe sí ẹ̀wà. Ni omi pupa náà bá dúdú bí aró.

“Anti, ẹ ti bà á jẹ́,” ni Káyọ̀dé wí. Ojú tì mí.

Dúpẹ́ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó hó yaya, ó sì tún pọ́n níṣojú wa. Bọ́lá dìde lórí ẹní.

“Kai, ẹ bù ú fún mi kó tó tún yí padà.”

Ó mu ife náà gbẹ. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó fi sínú òdòdó.