Orúkọ Tí Ìyá Mi Ní Kí Wọ́n Pa Rẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Kétu nílùú Èkó, ìròyìn ayọ̀ máa ń bà mí lẹ́rù ju pàṣán lọ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nírú àdúgbò bẹ́ẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ọmọ ẹlòmíì bá gba ipò kìn-ín-ní nílé ìwé, ẹ̀rín lẹ ó máa gbọ́ nílé wọn. Nílé tiwa, ìyá mi á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fa kọ́tìnì, kí wọ́n tó ní kí n mú èsì ìdánwò náà wá. Wọ́n á kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á fi ohùn kélékélé gbàdúrà, wọ́n á sì tì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kìlọ̀ fún mi pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, kí n ní mo kàn ṣe dáadáa díẹ̀ ni. "Dáadáa díẹ̀" yìí ni mo wí títí mo fi jáde ìwé mẹ́fà.

Irun ni ìyá mi ń dì. Abẹ́ agboòrùn ńlá kan ni wọ́n ti ń dì í, nítòsí ibùdókọ̀ Kétu. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi ni mò ń na òwú fún wọn, èmi ni mò ń gbá irun tó já sílẹ̀, èmi náà ni wọ́n ń rán lọ ra ẹ̀wà àgọ̀nyìn àti búrẹ́dì. Lẹ́yìn ìyẹn, màá jókòó sórí àpótí kékeré, màá gbé ìwé lé orókún, màá máa ṣe ìṣirò mi láàárín òórùn ìpara irun àti èéfín mọ́tò. Orí àwọn obìnrin wà lọ́wọ́ ìyá mi, ọ̀rọ̀ wọn sì wà létí wọn. Wọ́n mọ bí èèyàn ṣe ń yin ọmọ ọlọ́mọ lójú, tó bá sì kẹ́yìn sí i, á yínmú sí i. Ìdí nìyẹn tí òwe kan kì í fi í kúrò lẹ́nu wọn: ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

Ẹ má rò pé wọ́n kàn ń bẹ̀rù lásán. Wọ́n ti bí ọkùnrin kan ṣáájú mi, Gbénga lorúkọ rẹ̀, nígbà tí àwọn òbí mi ṣì wà ní Ìsẹ́yìn. Èmi ṣì ń rákò nígbà tí Gbénga jáde ìwé mẹ́fà, tó sì borí gbogbo ọmọ tí wọ́n jọ ṣèdánwò. Wọ́n gbé e sọ́rùn láti ilé ìwé dé ilé. Ìyá bàbá mi din àkàrà fún gbogbo agboolé, àwọn tó ń kọjá lọ sì ń dúró béèrè pé ọmọ ta nìyí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ara Gbénga gbóná, ó dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ibà ni. Ìyá mi gbà pé ojú ayé ló pa ọmọ àwọn, pé ọwọ́ ara àwọn làwọn sì fi gbé e fún wọn. Àwọn òbí mi kó wá sí Èkó lọ́dún náà, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ pe ìyá mi ní Ìyá Gbénga mọ́. Bàbá mi ló ń já ìtàn yìí fún mi ní kéékèèké, bí ìyá mi kò bá sí nílé.

Ìtàn yẹn ṣe mí léṣe. Mo dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ipò kìn-ín-ní jẹ́ àìsàn kan tó máa ń pa ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí tíṣà bá ti pe orúkọ mi ṣáájú ti àwọn yòókù, ńṣe ni màá rọra fọwọ́ kan ọrùn mi bóyá ó ti ń gbóná. Mo gbìyànjú láti kùnà nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀kan, kí n lè simi. Ìṣirò ò gbà fún mi. Ìdáhùn á kàn máa wá fúnra rẹ̀.

Bí mo ṣe wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré nìyẹn, ní Ìkòsí. Ilé ìwé tó le ni. Ẹni tó bá pẹ́ dé, á bẹ̀rẹ̀, á fi ìka kan kanlẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè títí ẹ̀yìn á fi fẹ́ já. Ẹni tó bá pariwo á kúnlẹ̀ sínú oòrùn, á na ọwọ́ méjèèjì sókè. Gbogbo ìyẹn, mo fara dà á. Pátákó tó wà lẹ́nu géètì ni mi ò lè fara dà. Pírínsípà wa fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé àwọn ò tọ́ ọmọ ìta, ló bá ní kí wọ́n kọ ojú pátákó náà sí títì. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí tó ń kọ́ wa ní ìṣirò á mú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ oríṣiríṣi. Lápá òsì, á kọ ohun tó ń bọ̀: eré ìdíje, ìpàdé òbí, ọjọ́ tí wọ́n máa ń fún ọmọ ní ẹ̀bùn. Lápá ọ̀tún, á kọ orúkọ àwọn ọmọ tó ṣe bẹbẹ. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Mile 12 á dúró, wọ́n á kà á sókè ketekete. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbàdúrà kí orúkọ wọn débẹ̀. Èmi kì í tilẹ̀ wo apá ibẹ̀ bí mo bá ń wọlé.

Mo wà ní JSS 2 nígbà tí ìdíje ìṣirò láàárín àwọn ilé ìwé agbègbè wa dé. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan á mú ọmọ mẹ́ta wá. Àwọn mẹ́ta tó bá mókè nínú gbogbo wọn, ìjọba á gbà wọ́n sí ilé ìwé bọ́dìn tó dára, tó ní yàrá ìkàwé, tí iná kì í kú níbẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbé ní Kétu. Mo fẹ́ ilé ìwé náà débi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi bí mo bá rántí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí mú mi mọ́ àwọn méjì mìíràn, ó ń dá wa dúró lẹ́yìn ilé ìwé láti kọ́ wa. Bàbá mi, tó jẹ́ bíríkìlà, gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá mi gbà pé kí n lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sí ẹlòmíì tí yóò gbọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo dé géètì, mo bá orúkọ mi lójú pátákó, Rónkẹ́ Akínlàbí, nínú orúkọ àwa mẹ́ta tó ń lọ ìdíje, òun ló wà lókè pátápátá, ṣọ́ọ̀kì pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo fọwọ́ kan ọrùn mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan tí wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Ìyá Súlè, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, wá dirun. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n máa ń fún mi ní màsà gbígbóná, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n fi ṣúgà wọ́n. Wọ́n jókòó tán, wọ́n ní, "Ìyá Rónkẹ́, ẹ kú oríire o. Mo rí orúkọ Rónkẹ́ lójú pátákó ilé ìwé. Ẹ tiẹ̀ fi pamọ́ fún wa." Òòyà dúró sínú irun wọn. Ìyá mi ní, "Ọmọ ẹlòmíì ni. Orúkọ máa ń jọra." Wọ́n yára dirun náà tán. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́dọ̀ jẹ màsà Ìyá Súlè mọ́.

Kí agogo ilé ìwé tó lù lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ti wà lẹ́nu géètì, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó pa orúkọ mi rẹ́. Tíṣà náà rò pé wọ́n fẹ́ yọ mí kúrò nínú ìdíje ni. Ó ń fà wọ́n dìde, ó ń sọ pé, "Mummy, ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú."

Ìyá mi ò dìde. Wọ́n ní, "Mo ti bí irú ẹ̀ rí, sà. Mo ti sin ín."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí yíjú sí pátákó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ pa orúkọ mi rẹ́. Orúkọ méjì ló kù síbẹ̀. Ó ní kí ìyá mi fọkàn balẹ̀, pé inú orí òun ni òun kọ orúkọ mi sí báyìí, òun náà ni òun yóò sì kó wa lọ lọ́jọ́ ìdíje.

Ọjọ́ náà pé, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí ò wá. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Misis Bánjọ, igbákejì pírínsípà, ló jáde sí wa lórí ìlà. Obìnrin tí kì í ṣeré ni. Ó wo pátákó, ó pe orúkọ méjì tó bá níbẹ̀, ó ní kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Ó wá wo ojú gbogbo wa, ó ní, "Ṣé ó tún ku ẹnì kan?"

Mo wà nídìí ìlà, mo ti pẹ́ńsùlù bọ inú ìbọ̀sẹ̀ mi. Ohun tí ìyá mi sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ni pé n kò gbọ́dọ̀ la ẹnu mi nítorí tíṣà mọ̀ mí. Tíṣà tó mọ̀ mí kò sì sí níbẹ̀. Bí mo bá dáhùn níwájú gbogbo ilé ìwé, mo mọ̀ pé màá kú bí Gbénga ṣe kú. Bí mo bá dákẹ́, bọ́ọ̀sì á lọ. Bísí, ọ̀rẹ́ mi, gún mi ní ìgúnpá. Mo mi orí fún un pé rárá. Omi ń já bọ́ lójú mi. Bọ́ọ̀sì gbéra, ó yí orí sí géètì, ó jáde.

Mi ò mọ̀ pé ìyá mi tẹ̀ lé mi wá. Wọ́n ti purọ́ fún bàbá mi pé àwọn ń lọ ra òwú, wọ́n wá fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì, kí wọ́n lè fi ojú sìn mí. Bí bọ́ọ̀sì ṣe kọjá lára wọn, wọ́n yọjú wò ó, wọn ò rí mi nínú ẹ̀. Ohun tí gbogbo wa gbọ́ lórí ìlà ni ohùn obìnrin kan lójú títì. Mo mọ ohùn náà, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ kó lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Rónkẹ́ dà? Ẹ dá bọ́ọ̀sì yẹn dúró. Rónkẹ́ Akínlàbí, ọmọ mi ni. Òun ló mọ ìṣirò jù nínú ilé ìwé yìí. Òun ló ń gba ipò kìn-ín-ní láti ìgbà tó ti wọ JSS 1. Ọmọ mi ni o, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀."

Wọ́n ń sáré, ìró wọn ń tú, bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n lé bọ́ọ̀sì náà bá, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọlọ́kadà dúró ń wò. Àwọn obìnrin tó ń lọ sí Mile 12 sọ ẹrù kalẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń tọ́jú sí ìsàlẹ̀ àpótí láti ọdún pípẹ́ wá, ojú títì ni wọ́n dà á sí. Omijé ń ṣàn lójú wọn bí wọ́n ṣe ń ké e, torí wọ́n gbà dájú pé ikú mi ni àwọn ń fi ẹnu ara àwọn pè. Wọ́n ṣì ń ké e. Ẹ̀rù ò bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bọ́ọ̀sì dúró.

Ipò kẹta ni mo gbà nínú ìdíje náà. Mo wọ bọ́dìn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mi ò lè gbàgbé. Ìyá mi ká agboòrùn, wọn ò dirun fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á fọwọ́ kan ọrùn mi láàárọ̀, wọ́n á tún fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án. Bí mo bá sín, wọ́n á fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, wọ́n á sáré wá bá mi. Èmi náà ń retí ikú, mi ò bá wọn sọ ọ́. A jọ ń ṣọ́ mi ni. Ọ̀sẹ̀ náà parí, mo wà láàyè. Ìyá mi padà sídìí iṣẹ́ wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gba màsà lọ́wọ́ Ìyá Súlè fún mi. A ò sọ ọ́ síra wa di òní.

Ayé ti yí padà o. Ifákọ̀ ni mò ń gbé báyìí, ọmọ mi obìnrin sì wà ní JSS 1. Ilé ìwé tiwọn ò lo ṣọ́ọ̀kì. Orí fóònù, nínú gúrúùpù àwọn òbí, ni wọ́n ń gbé gbogbo ẹ̀ sí: ohun tó ń bọ̀, ẹni tó ṣe dáadáa, ojú ọmọ, orúkọ ọmọ, ibi tó ń lọ àti aago tó máa débẹ̀. Àwọn ìyá yòókù á máa pàtẹ́wọ́. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n gbé ọmọ tèmi síbẹ̀, pé ó ń lọ ṣojú wọn níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì. Èmi tí mo kàwé, tí mo ń jókòó ní ọ́fíìsì, tí mo máa ń fi àwọn tó ń bẹ̀rù ayé ṣe yẹ̀yẹ́, inú mi dàrú pátápátá. Mo pe ilé ìwé, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ orúkọ àti àwòrán rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Wọ́n yọ ọ́.

Ìgbà tí mo máa wò, ìyá mi ní Kétu ti gbé àwòrán náà, tí ọmọ mi ti fi ránṣẹ́ sí wọn, sí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp tiwọn, gbogbo oníbàárà wọn sì ti ń kí wọn. Mo pè wọ́n, mo ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Mo ti ní kí ilé ìwé náà yọ tiwọn."

Wọ́n ní, "Mi ò ní yọ ọ́. Orókún ti ń dùn mí, Rónkẹ́. Tí mọ́tò bá tún gbéra láìsí ọmọ yẹn nínú ẹ̀, ta ló máa sáré?"

Mo pe ilé ìwé padà, mo ní kí wọ́n dá orúkọ ọmọ mi padà síbẹ̀. Obìnrin tó gbé fóònù ní kí n tún orúkọ náà pè, òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì pè é sókè.