Ọjọ́ Tí Mo Wọ Yunifọ́ọ̀mù Ọmọ Ọlọ́mọ

Mo rántí ìgbà tí èmi ni ìwọ̀n tí màmá mi fi ń ránṣọ fún ọmọ ọlọ́mọ. Aránṣọ ni wọ́n ní Upper Sakponba ní ìlú Benin, iléèwé aládàáni kan ní Ugbowo ló sì ń gbé iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù fún wọn. Èyí tó bá ti jẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ara mi ni wọ́n ti ń gbé e wò. Iléèwé ìjọba ni èmi ń lọ, níbi tí kálukú ti ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá láti ilé. Ẹni tó bá gbàgbé tirẹ̀, ilẹ̀ ń bẹ, ilẹ̀ kì í kún.

Lọ́jọ́ kan, màmá mi mú mi dání lọ sí Ugbowo láti kó aṣọ fún wọn. Bí wọ́n ṣe ń to aṣọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, mo yọ ọ̀kan, mo lọ pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn ilé, mo sì wọ kíláàsì lọ. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan. Mo rí àga tó ní ẹ̀yìn, mo fẹ̀yìn tì í, mo sì pinnu pé mi ò ní padà sí iléèwé wa mọ́.

Àfi bí olùkọ́ ṣe wọlé tí mo fò dìde, tí mo fi ohùn orin kí i bí a ṣe máa ń kí tiwa: “Good morning, ma! God bless you, ma!” Èmi nìkan ni mo dìde. Àwọn tó kù jókòó, wọ́n ń wò mí bí ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Olùkọ́ fà mí lọ sí ọ́fíìsì. Màmá mi kúnlẹ̀: “Abeg ma, na small pikin.”

Ọ̀gá iléèwé kò bínú rárá. “Madam, no wahala. Make she just remove am.”

Mo bọ́ ọ. Nínú kẹ̀kẹ́, mo ń retí ìgbátí. Màmá mi kàn bi mí pé, “Ṣé àga yẹn tù ẹ́ lára?” Mo ní ó tù mí. Wọ́n yíjú sí títì. Wọn ò nà mí, ìyẹn ló dùn mí jù. Láti ọjọ́ náà, wọn ò gbé aṣọ iléèwé yẹn wò lára mi mọ́.

Olùkọ́ iléèwé ìjọba ni mí báyìí. Níbi ìpàdé òbí, mo máa ń sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, kí wọ́n fọkàn tán wa. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan bi mí pé kíláàsì wo ni ọmọ tèmi wà. Mo ní praimari kẹrin ni. Ó ní, “Ẹ ṣé, ma, ọkàn mi balẹ̀.” Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un pé kì í ṣe iléèwé wa ló ń lọ, ti aládàáni ni.