Ẹsẹ̀ Ni Bàbá Mi Fi Ń Gbọ́ Orin

Títí di òní, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì máa ń sọ níbi tí èrò bá wà pé òun lòun ra rédíò tó dára jù lọ tí bàbá wa lò láyé. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, mo máa ń dìde, n óò ní mo fẹ́ lọ bu omi mu. Òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ mí. Inú ló ń bí mi, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti ń bí mi.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni gbogbo wa ṣì wà. Àkúrẹ́ ni olú ìlú wa, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjurin. Bàbá wa ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ó ti padà sílé ní Ẹ̀fọ̀n, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ opó ló jọ ń gbé. Ìyá wa ti kú nígbà náà. Ohun méjì péré ló kù tí bàbá mi ń tìtorí rẹ̀ jí láàárọ̀: kọ́ọ̀yà ìjọ, tó ti ń darí láti ìgbà tí mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ńlá kan tó wà ní pálọ̀ rẹ̀.

Àwọn sípíkà tó bá ẹ̀rọ náà wá ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní ohùn báàsì ò jáde dáadáa, báàsì sì ni òun fúnra rẹ̀ ń kọ. Ó wá sípíkà ńlá kan rà, tó fẹ̀ tó àwo tí a fi ń gbé iyán fún àlejò, ó sì pe káfíńtà pé kó fi igi ìrókò kan àpótí fún un. Àpótí náà ga dé ìbàdí mi. Tó bá ti ń dún, ilẹ̀ pálọ̀ á máa gbọ̀n, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa kan ara wọn. Nígbà tó ṣì wà láyé, màmá mi a máa pariwo láti ìdí ààrò pé, "Ṣé ẹ fẹ́ẹ́ wó ulé yìí lé mi lórí ni?" Bàbá mi á tún yí i sókè sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo lọ kí i, mo kí i lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Orin ń lọ nínú ilé. Mo wọlé, mo bá a lórí àga nídìí àpótí yẹn. Ó ti bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ sìmẹ́ńtì, ó di ojú, ó ń ju ọwọ́ bí ẹni tó wà níwájú kọ́ọ̀yà. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ta gìrì. Nígbà tó rí bí mo ṣe ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ̀ pé àṣírí ti tú.

Mo sún mọ́ etí rẹ̀, mo pariwo pé, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Ẹnu mi ló ń wò.

"Ó ti pẹ́. Ohùn obìnrin ló kọ́kọ́ lọ, ìyókù wá ń tẹ̀ lé e. Mo ti lọ sí ọsibítù, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ orin báyìí. Tí mo bá ti fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀, títí mo fi mọ ibi tó ti dìde àti ibi tó parí sí, ẹnu wọn ni mo máa ń wò lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò sẹ́ni tó fura." Ó di ọwọ́ mi mú. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Má tiẹ̀ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́ rárá. Bí wọ́n bá mọ̀ nínú ìjọ, wọ́n á gba kọ́ọ̀yà lọ́wọ́ mi. Kí ni mo wá fẹ́ máa ṣe nínú ulé yìí?"

Mo ṣèlérí fún un. Mo rò pé ìlérí náà rọrùn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún yẹn, tí ìkórè ìjọ ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sípíkà yẹn ya. Ó kọ́kọ́ ń pariwo bíi páànù tí atẹ́gùn ń fẹ́, lẹ́yìn náà kò dún mọ́. Orin tuntun ni kọ́ọ̀yà fẹ́ kọ níbi ìkórè náà, bàbá mi ò sì tíì fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ tán láti inú kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo débẹ̀, ó jókòó ti àpótí náà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Mo wá ìtúdè, mo tú sípíkà náà kúrò lára àpótí, mo fi ìró mi wé e, mo gbé e lé itan nínú tasí, ó di Arámọ̀kọ.

Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe nítòsí gáréèjì Arámọ̀kọ, ará Ìkirun ni, ó ti pẹ́ tó ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ó gbé sípíkà náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó fi ìka tẹ àárín rẹ̀, ó gbé etí lé e.

Ó ní, "Àǹtí tíṣà, bébà rẹ̀ nìkan ló ya. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ yìí ṣì le koko. N óò gé bébà mìíràn fún un, n óò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, n óò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kó gbẹ. Ẹ má kán mi lójú o."

"Ṣé kò ní sàn kí n kúkú wá tuntun?"

"Tuntun bí èwo? Ti ìsinsìnyí, kíké ló mọ̀ ọ́n ké, kò mọ̀ ọ́n hùn. Ẹ jẹ́ n tún un ṣe fún yín."

Mo ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀ ni, ǹ bá má máa kọ èyí. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ohunkóhun ò gbọdọ̀ jáde kúrò ní pálọ̀ bàbá láìjẹ́ pé dáwódù gbọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Mo kọ lẹ́tà, mo fi rán awakọ̀ kan tó ń lọ sí Àkúrẹ́, mo ní sípíkà bàbá ya, mo ti gbé e lọ fún ẹni tó máa fi bébà àti gọ́ọ̀mù tún un ṣe. Mo tiẹ̀ rò pé ẹ̀gbọ́n mi á yìn mí.

Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, ọkọ̀ rẹ̀ ti wà níwájú ilé wa ní Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo bá òun àti pásítọ̀ àti àgbà ìjọ méjì ní pálọ̀, rédíò tuntun wà lórí tábìlì. Ó dúdú, ó ń dán, ó ní iná pupa àti iná àwọ̀ ewé tó ń sáré lọ sáré bọ̀ níwájú. Àwọn sípíkà rẹ̀ ò ju bíbélì ńlá lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ sí mi níwájú gbogbo wọn. "Bébà àti gọ́ọ̀mù? Ní pálọ̀ bàbá wa? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọmọ ọ̀gá ilé ìwé, tó wà nídìí iṣẹ́ ìjọba l'Ákùúrẹ́, ń lẹ rédíò bàbá rẹ̀ bí ẹni ń lẹ bàtà?"

"Bọ̀ọ̀dá, sípíkà yẹn ló dára fún bàbá."

"Kí ló dé tó fi dára fún wọn ju tuntun lọ?"

Ìbéèrè tó yẹ kó bi mí ló bi mí yẹn. Bàbá mi jókòó, ó ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Ó mi orí sí mi díẹ̀ báyìí pé kí n má sọ, tí ẹlòmíràn ò lè rí i.

Mo ní, "Ó ti mọ́ wọn lára ni."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà ìjọ bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n tan rédíò náà, ohùn tín-ín-rín kan jáde, gbogbo ilé ń kígbe pé ẹ kú oríire. Pásítọ̀ ní kí bàbá gbàdúrà sí i. Bàbá mi dìde, ẹni tó ti na ọmọ ilé ìwé jákèjádò ìlú nítorí irọ́, ó gbé ọwọ́ lé ohun tí kò gbọ́ lórí, ó ní ohùn rẹ̀ dùn, ó súre fún ọmọ rẹ̀ pé ayọ̀ ò ní dákẹ́ nílé rẹ̀. Gbogbo wa ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ẹ̀bùn tí bàbá bá ti súre lé lórí lójú àwọn èèyàn, ta ló máa ní kí wọ́n gbé e padà? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n gbé àpótí ìrókò sí ẹ̀yìnkùlé. Àǹtí wa, àbúrò bàbá, ti ẹ̀rọ àtijọ́ sábẹ́ ibùsùn tirẹ̀.

Nígbà tí mò ń padà lọ sí Ìjurin, mo sọ̀ ní Arámọ̀kọ, mo ní kí ọkùnrin náà fi sípíkà sílẹ̀.

"Kí n fi í sílẹ̀ kẹ̀? Mo ti gé bébà rẹ̀!"

"Ẹ fi í sílẹ̀, a ti ra tuntun."

Mo yára jáde kó má baà rí ojú mi. Mò ń sọ fún ara mi pé ìlérí tí mo ṣe fún bàbá mi ni mo pa mọ́. Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé mi wá sí Ìjurin láti ọ̀nà jíjìn, òun náà ló lè ní kí wọ́n gbé mi padà. Ẹ̀rù rẹ̀ ló bà mí. Bí mo bá fà á sí kọ̀rọ̀ kí n sọ òótọ́ fún un, bóyá ì bá bò ó. Mi ò dán an wò.

Àǹtí wa sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bàbá máa ń bọ́ sálúbàtà sídìí rédíò tuntun yẹn. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó gbé sípíkà kékeré náà lé itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó gbé e mọ́ àyà. Àǹtí rò pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ọjọ́ ìkórè pé. Ìjọ kún dé ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa ni pé bí orin kọ́ọ̀yà bá ku ègbè ìkẹyìn, ẹni tó ń darí á yí ojú sí ìjọ, kí gbogbo èèyàn lè bá wọn gbè é. Bàbá mi wo ẹnu àwọn kọ́ọ̀yà títí dé ibẹ̀, kò ṣì rárá. Ó wá yí ẹ̀yìn sí wọn. A gbe ègbè náà, ó parí, gbogbo wa dákẹ́. Bàbá mi ò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ó ń ju ọwọ́. Nígbà tó rí i pé ẹnu wa ò mì, ó rò pé ojú ló ń tì wá, ó bá ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé wa dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń ṣí ẹnu láti fi hàn wá bí a ṣe máa kọ ọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín náà ràn dé iwájú. Bàbá mi rí eyín wa. Mo rí i nígbà tó yé e, tí ọwọ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, nínú agbádá rẹ̀ níwájú, ń ṣí ìwé orin bí ẹni ń wá nǹkan.

Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn àgbà ìjọ wá bá a nílé, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ní kó sinmi. Wọ́n fi í jẹ Bàbá Kọ́ọ̀yà, oyè tí kò ní iṣẹ́ kankan nínú. Wọ́n yin rédíò tuntun kí wọ́n tó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ara àgbà ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Arámọ̀kọ. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà fi gbé sípíkà jáde lábẹ́ tábìlì, bébà tuntun ti wà lára rẹ̀. Ó ní òun ò lè máa wo iṣẹ́ tí òun ti bẹ̀rẹ̀. Ó so ó mọ́ wáyà, ó ní kí n gbé ọwọ́ lé e. Ó ń hùn. Omijé ń bọ́ lójú mi, ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Adìẹ ti ń sùn nínú àpótí ìrókò nígbà tí mo dé Ẹ̀fọ̀n. Mo lé wọn jáde, mo fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ. Èmi àti àǹtí fa ẹ̀rọ jáde lábẹ́ ibùsùn. Mo de sípíkà mọ́ àpótí, mo ki kásẹ́ẹ̀tì orin ìkórè bọ ẹ̀rọ náà, mo yí i sókè. Ilẹ̀ gbọ̀n. Àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù ń kan ara wọn.

Bàbá mi yọ láti yàrá, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀. Ó wá jókòó sórí àga rẹ̀, ó bọ́ sálúbàtà, ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ sìmẹ́ńtì. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè díẹ̀, ó tún padà sórí itan. Nígbà tí ègbè ìkẹyìn dé ibi tó parí sí, ó mi orí, bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n fi ìdáhùn hàn lẹ́yìn tí ìdánwò ti kọjá.

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ kó lè rí ẹnu mi. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ."

Ó nawọ́ mú sálúbàtà rẹ̀, ó wọ ọ̀kan, ó wọ ìkejì.

"Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Ìwọ nìkan lo mọ ohun tí wọ́n gbé jáde nínú ulé yìí," ló wí. Ó dìde, ó fi orin sílẹ̀ tó ń dún, ó padà sí yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.